Síídì Olúbọ̀wálé

"Fawziyyah, ṣé o ti dán an wò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Màmá mi ló bèèrè láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣógúnlé, níbi tí a ti ń da ohùn sórí síídì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Irọ́ ni mo pa.

Síídì kan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa láìjẹ́ pé ó sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ mẹ́ta: tuntun, ti inú mọ́tò, àti ògbólógbòó kan tó máa ń yan síídì jẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá sáré ṣe síídì, ògbólógbòó yẹn kì í kà á. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni màmá mi máa ń wí. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Ìwé Wáẹ̀kì ni mo ń kà láti ìdájí, ojú ń ta mí, ẹ̀yìn ń ro mí. Mo ní kí kọ̀ǹpútà sáré, mo dán síídì wò nínú ẹ̀rọ tuntun nìkan, mo sì dì í.

Olúbọ̀wálé ló ni ín. Kíláàsì kan náà la wà, kò ríran. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí fóònù rẹ̀ ní Bọ́ládé, ẹ̀rọ síídì àtijọ́ bàbá rẹ̀ àgbà ló fi ń gbọ́ nóòtì tí mo bá kà sórí síídì fún un. Ọjọ́ Jímọ̀ ló gba síídì náà lọ sílé wọn ní Èjìgbò. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò ẹ̀kọ́ nípa ìjọba.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò.

"Fawziyyah, má bínú. Ẹ̀rọ wa ò ka síídì yẹn rárá. Mo nù ún títí. O kàn ṣe wàhálà lásán ni."

Òun ló wá ń bẹ̀ mí! Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo wọ gbọ̀ngàn lọ láìjẹ́wọ́.

Nígbà tí èsì jáde, ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ni Olúbọ̀wálé ti fìdí rẹmi. Mo lọ bá a nílé.

"Ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́, Bọ̀wálé. Èmi ni mi ò ṣe síídì yẹn dáadáa. Mi ò dán an wò."

"A ti gbé ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù," ló wí. "Èmi ni mo sọ fún bàbá àgbà pé ó ti kú."

Lóòótọ́ ló rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n Olúbọ̀wálé ló jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ tètè sọ.