Àdúrà Ará Ẹ̀pẹ́ Tó Jẹ Owó Fóònù Mi ní Mẹ́kà

Nígbà tó ku ọ̀la kí n lọ ṣe Úmúrà, pálọ̀ mi l'Ẹ̀pẹ́ kún dẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ṣáà mọ̀ wá: èèyàn ò lè lọ Mẹ́kà kí gbogbo àdúgbò má di àdúrà lé e lọ́wọ́.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ bá mi tọrọ ọkọ o!"

"Ẹ bá mi sọ ti orúnkún mi f'Ọ́lọ́run!" Bùsàrí, aládùúgbò mi, nìyẹn.

Orí tèmi yìí, tí n kì í rántí ibi tí mo tọ́jú eyín mi sí? Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ sínú fóònù, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Tí mo bá dé iwájú Kábà, màá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó fẹnu ara yín tọrọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Hanifah, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé Ìpakodò n'Íkòròdú, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Nílé wa, ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ. A wá ṣàdéhùn pé láti Mẹ́kà ni màá ti pè é. N ò sọ orúkọ náà fún ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe balẹ̀ báyìí, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú tòbí mi. Gbìrìrì! Gbìrìrì! Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ikùn mi, ẹ̀rín ń pa mí láàárín àwọn èèyàn Ọlọ́run. Àdúrà ń wọlé. Fídíò ń wọlé. Bùsàrí tiẹ̀ ya fídíò orúnkún rẹ̀, kí Ọlọ́run lè rí ibi tó wú.

Mo ní ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń sanwó, kí ló kàn mí níbẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ dé. Mo ń retí ìpè, fóònù ò dún. Mo pe Hanifah, ohùn inú fóònù ní owó mi ti tán pátápátá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ọmọ ń dúró n'Íkòròdú, orúkọ rẹ̀ há sí mi lẹ́nu.

Munawwarah, tó ń ta fóònù ní Benson n'Íkòròdú, la jọ wà ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ó sáré wá.

"Ìyá, kí ló dé?"

"Olè ti wọnú fóònù mi!"

Ó wò ó. "Ìyá, ẹ ò pa dátà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé?"

"Kí n pa á kẹ̀? Ibo ni àdúrà máa gbà wọlé?"

Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí. "Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, Ìyá. Síìmù Nàìjíríà tẹ́ ẹ gbé wá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ará ibí ló ń yá lò. Rómíìn là ń pè é, ó sì wọ́n ju tilé lọ. Èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ àtèyí tẹ́ ẹ gbà, ẹ̀yin lẹ ń sanwó ẹ̀. Ìpè tó wọlé pàápàá lówó."

"Àti orúnkún Bùsàrí?"

"Òun gan-an ló jẹun jù. Fídíò ni."

Ó pa rómíìn, ó so mí mọ́ Wáìfáì òtẹ́ẹ̀lì, ó pe Hanifah lórí Wásáàpù.

"Ìyá Àgbà! Ẹ̀rù ti bà wá! Lèmọ́mù ti ń wá bàtà wọn!"

"Ẹ ní kí wọ́n jókòó! Fàósátù lọmọ mi ń jẹ́. Orúkọ ìyá tó bí mi ni."

Gbogbo ilé pe Fàósátù. Mo gbọ́ tí ọmọ náà ké. Ẹkún mi tún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìyẹn dùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ òkè òkun, ì báà ṣe Mẹ́kà, Jerúsálẹ́mù tàbí ilé ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bi iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín léèrè iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní dátà ìrìnàjò, ẹ rà á sílẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá rà á, ẹ pa dátà àti rómíìn kí bàlúù tó gbéra. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín ṣe Wásáàpù kó má máa gba fídíò fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ lo Wáìfáì tàbí kẹ́ ẹ ra síìmù ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi Wáìfáì ìta wọ àkáǹtì báńkì yín.

Ní ti àdúrà, Munawwarah bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì tọrọ gbogbo rẹ̀ pátá. Ìwé ò jẹ dátà. Ẹ tọ́jú owó fóònù yín de ẹni tó ń dúró de ohùn yín.