Òwú Tó Ṣẹ́kù Lára Fìlà

Ẹ má pe èyí ní àlọ́. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, kò sì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá Onífìlà ni àdúgbò ń pè é, nítorí fìlà ọmọ ìkókó ló ń fi òwú wúlù hun tà. Ahun paraku ni nídìí òwú. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára iṣẹ́, bó ti wù kó kéré mọ, á fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu-kíkọ́ rẹ̀ hun ún ní òdòdó wẹ́wẹ́, á rán an mọ́ aṣọ ọmọ. Ó ní àṣà kan. Òwú pupa ṣókí ló máa ń so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kó lè dá a mọ̀ níbikíbi tó bá ti rí i.

Ọ̀sán kan ni, òjò ṣú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dùbúlẹ̀ sí yàrá kejì, ó ti wọ oṣù ìbímọ rẹ̀. Oyún kejì nìyí. Ọmọ àkọ́kọ́ kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ láyé. Ìyá yìí náà ló hun fìlà funfun tí wọ́n fi sin ín.

Ó ń wá òwú funfun tí yóò fi ṣe òdòdó fún ọmọ tó ń bọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò òwú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba èyí tó ṣẹ́kù lára fìlà ọjọ́ yẹn. Kò tó ẹyin adìyẹ. Ó fẹ́ dá a padà.

"Kí ni òwú ṣe?" ó sọ fún ara rẹ̀. Ó fa ẹnu òwú náà jáde nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun.

Òdòdó kan. Òmíràn. Òmíràn. Òwú kò tán.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe tí ilé fi dákẹ́ báyìí?"

"Òdòdó ni mò ń hun. Sùn jàre. Tó o bá bímọ tán, ẹnu èèyàn ni wàá ti máa gbọ́ ìròyìn oorun."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, oorun gbé e lọ.

Òdòdó kún itan ìyá. Òwú kò tán. Ó wá ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Òwú tuntun máa ń nà gbọọrọ, èyí rí kọ́lọkọ̀lọ, bí òwú tí wọ́n ń tú lára ohun tí wọ́n ti hun. Ó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ilẹ̀ ló ń rùn.

Ó ya ẹnu àpò. Àpò ṣófo. Láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni òwú náà ń jáde.

Ẹ̀rù bà á débi pé ó mú sísọ́ọ̀sì. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Tí òun bá gé e, ta ló wà nídìí rẹ̀ lọ́hùn-ún? Ó jọ̀wọ́ òwú, òwú kò dúró. Ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń ká jọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, títí ó fi dé òpin. Òwú pupa ṣókí wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ figbe ta nínú yàrá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bímọ sí ọsibítù. Ọkùnrin ni, ó ké dáadáa. Nọ́ọ̀sì gbé e lé ìyá àgbà lọ́wọ́.

"Màmá, ta ló ti yára dé e ní fìlà?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Kò sẹ́ni tó dé e ní nǹkan kan."

"Àmì rẹ̀ rèé o."

Ó wà níwájú orí ọmọ lóòótọ́. Ojú ìhun ni, ó yí orí rẹ̀ ká, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ fìlà tó ti pẹ́ lórí. Irun rẹ̀ tutù. Ó ń rùn bí ilẹ̀.

"Màmá," ọmọ rẹ̀ pè é láti orí bẹ́ẹ̀dì, inú rẹ̀ ń dùn, "òtútù á mú un. Ẹ bá mi dé e ní fìlà."

Fìlà tuntun tó ti hun sílẹ̀ wà nínú báàgì, pẹ̀lú òwú pupa rẹ̀. Ìyá àgbà fẹ́ràn ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á. Kò mọ̀ bóyá ọmọ náà bọ́ fìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀ kó lè wá jókòó láyé ni, àbí ó kàn wá gba òmíràn kó tún lọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rẹ̀, kò sì gbé e kúrò.