Ìyàwó Tí Ẹnu Rẹ̀ Kò Là

Níbi tí Savsan ti ń bá oníbàárà jà lọ́jà ìlú Khorog ni Imomdod ti kọ́kọ́ rí i. Obìnrin oníbàárà náà ju ìbọ̀sẹ̀ olówùú padà sórí ẹní tí Savsan pàtẹ sí.

"Ta lò ń payín keke sí?"

"Gbogbo ayé ni, ìyá. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan." Àárín eyín ni ohùn Savsan ń gbà jáde.

Imomdod, tó ń fi mọ́tò kó èrò wá láti Rushan, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ńkọ́, kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Ra ìbọ̀sẹ̀, àbí kó o kọjá!"

Ó rà á. Lọ́jọ́ ọjà kejì, ó tún dé.

"Ẹsẹ̀ mélòó lo ní gan-an?"

"Méjì ni, olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn tí mi ò bá rí ẹ."

Savsan fẹ́ bínú, inú kò bí i.

Nígbà tó yá, Savsan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe ẹnu náà fún un. Ó jábọ́ látorí igi èso ní kékeré, ó fi àgbọ̀n gbalẹ̀. Oríkèé àgbọ̀n rẹ̀ méjèèjì gan, eegun lẹ̀ mọ́ eegun, wọ́n di ẹyọ kan, ẹnu rẹ̀ kò sì là mọ́. Wọ́n yọ eyín kan kí oúnjẹ lè ráyè wọlé. Imomdod gbọ́ ọ tán, ó ní ó máa fẹ́ ẹ.

Àfi ìgbà tó padà dé tó ń wolẹ̀. "Ìyá mi ní kó o lọ sí ilé ìwòsàn ní Dushanbe, kí wọ́n gé eegun náà ká tó ṣègbéyàwó. Wọ́n ní báwo ni ìyàwó ṣe máa jẹ búrẹ́dì níwájú èrò?"

"Kí nìwọ sọ fún wọn?"

"Mo ní màá bá ẹ sọ ọ́."

"O ti sọ ọ́. Ilẹ̀kùn nìyẹn."

Imomdod délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ojú ń ti òun fún iṣẹ́ tí òun jẹ́, òun ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Ni Oftob, ìyá rẹ̀, bá fìbínú gbéra lọ bá Savsan.

"Kí lo rò pé o jẹ́, tó o fi lé ọmọ mi?"

"Wọ́n ti gé e rí, ìyá! Mo kéré. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi igi la ẹnu mi, tí mò ń ké. Eegun náà sì tún lẹ̀ padà. Ṣé kí n tún lọ jẹ ìyà yẹn torí ojú èrò?"

Oftob jókòó. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí. Ẹ kàn ránṣẹ́ ni."

 Nígbà tí Oftob máa dìde, ó ní, "Màá rán ọmọ mi wá. Tó bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa, jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn fún un."

Imomdod bẹ̀bẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó rẹ búrẹ́dì sínú tíì oníwàrà títí ó fi rọ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan pariwo láàárín èrò pé, "Kí ìyàwó la ẹnu ká rí i!" Ẹ̀rín sọ. 

Oftob ti dìde kí Imomdod tó sọ̀rọ̀. "Ẹnu tó là níbí ti pọ̀ jù! Ẹ pa á dé, kí àwọn ọmọ mi jẹun!"

 Savsan gba búrẹ́dì náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó rọra fi ìka tì í wọlé, kò sì sẹ́ni tó fọhùn títí ó fi gbé e mì.