Ìgò Kejì

"Ẹ wo ìdérí rẹ̀ dáadáa, bàbá. Ṣé ẹnikẹ́ni ti tú u?" Obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò gbé ìgò kékeré kan síwájú olùkọ́ ẹṣin.

"Kò sẹ́ni tó tú u. Ẹ ṣí i, màdáámù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọwọ́ mi mọ́." Aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀ ló wọ̀ wá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ohùn rẹ̀ kì í jáde. Ó mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí eré ẹṣin ku ọ̀la, ẹsẹ̀ iwájú Mábojúwẹ̀yìn, ẹṣin wọn, wú. Bàbá ní bí kò bá lọ sílẹ̀, ẹṣin náà ò ní sáré. Kí ni Jẹ́jẹ́ máa wá sọ fáwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tó ti fi ẹṣin náà yangàn fún títí? Ló bá mú nínú oògùn orúnkún ìyá àgbà, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó pò ó mọ́ oúnjẹ ẹṣin. Ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Bàbá ń dúpẹ́. Mábojúwẹ̀yìn gba ipò kìíní, kíláàsì pariwo títí ohùn wọn fi ha.

Lẹ́yìn eré, àwọn aláṣẹ gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pín in sí ìgò méjì. Wọ́n bá oògùn tó ń mú wíwú lọ sílẹ̀, èyí tí òfin eré kà léèwọ̀, nínú àkọ́kọ́. Bàbá ní irọ́ ni, kí wọ́n ṣí èkejì lójú òun, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Látìgbà náà, àìmọye ìgbà ni Jẹ́jẹ́ ti lanu, tó sì tún pa á dé.

Wọ́n jókòó títí di ọ̀sán kí obìnrin náà tó mú èsì jáde.

"Bákan náà ni, bàbá."

Bàbá ṣí fìlà. "Ẹ má bínú pé mo pè yín ní onírọ́. Á jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ iṣẹ́ mi mọ́."

Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, Jẹ́jẹ́ ì bá wọlẹ̀. "Bàbá mi, èmi ni. Oògùn ìyá àgbà ni mo fún un."

Bàbá yíjú sí i. "Ẹṣin ò lẹ́nu, Jẹ́jẹ́. Ìrora yẹn ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, o sì pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá sáré títí ẹsẹ̀ fi dá ńkọ́?" Ó fi fìlà nu ojú. "Ìwọ tó o lẹ́nu, o jókòó, o jẹ́ kí n máa sọ pé ọwọ́ mi mọ́."

Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ padà, wọ́n sì ní bàbá ò gbọdọ̀ mú ẹṣin wá sórí pápá fún ọdún kan. Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ dìde ní kíláàsì, ó sọ ohun tó ṣe, ohùn rẹ̀ sì dé ìjókòó ẹ̀yìn. Àwọn kan fi ṣẹ̀sín. Ó ti wá yé e pé òótọ́ tí èèyàn kò bá tètè fẹnu ara rẹ̀ sọ, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e ló máa ń dójú tì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá bàbá níbi tó ti ń fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ ẹṣin. Láti ọjọ́ eré, ẹsẹ̀ náà ti wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ṣé ó ṣì ń dùn ún, bàbá mi?"

"Bi ẹṣin."

Jẹ́jẹ́ rọra fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ẹṣin fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, Jẹ́jẹ́ sì gbọ́ èsì rẹ̀ yékéyéké.