Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ohun àkọ́kọ́ tí Káfíńtà ṣe sí obìnrin tó máa di ìyàwó rẹ̀ ni pé ó kọjá lára rẹ̀. Ọmọbìnrin náà lósòó sẹ́bàá ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dojú délẹ̀, ṣéènì ti bọ́. Ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń tún aago ọwọ́ ṣe ló mú dání, ó fi ń fa ṣéènì ọ̀hún bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Epo dúdú ti kùn ún nímú, oòrùn ọ̀sán ń tàn sí i lẹ́yìn ọrùn, ó sì ń bú kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni pé wọ́n jọ ń bá ìjà bọ̀ láti ilé. Káfíńtà rí gbogbo èyí, ó sì wù ú kó dúró. Ṣùgbọ́n eré tó ń sá ti pọ̀ jù. Kó tó rántí pé kẹ̀kẹ́ òun ní búrèékì, ó ti kọjá ilé mẹ́rin. Ó wá ń fẹsẹ̀ rìn padà.

"Ẹ kú wàhálà o. Ṣé kí n bá yín dì í mú?"

"Ṣebí ẹ ti lọ?"

"Mo ti padà."

"Mo rí i. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lẹ fi padà. Ẹ di ibí yìí mú, ẹ má sọ̀rọ̀."

Ó dì í mú. Ó sì sọ̀rọ̀. Kí n má parọ́ fún yín, láti ọjọ́ náà kò tíì dákẹ́.

Aago ni ọmọbìnrin yìí ń tún ṣe, nínú yàrá kótópó kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, tábìlì kan, gíláàsì ojú kan, aago bí ogójì lára ògiri. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọdún márùndínlógójì ni bàbá náà fi ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa tọ́jú aago ibẹ̀, kó sì máa kọ àsìkò tí ọkọ̀ dé àti àsìkò tí ó lọ. Káfíńtà ní tirẹ̀, ilẹ̀kùn ló ń kàn, ọwọ́ rẹ̀ sì dáa. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ń pe ọmọbìnrin náà ní Aláago mi. Òun náà ń pè é ní Ọ̀gá Iwájú, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ní gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń lọ kí bàbá, oníkálukú lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbéra báyìí, Káfíńtà ti wà níwájú. Á máa sọ̀rọ̀ sẹ́yìn, Aláago kò ní í gbọ́ ju "àbí?" àti "ṣé o gbọ́ mi?" lọ. Nígbà tó bá yá, kò ní í rí i mọ́. Bàbá á jókòó sẹ́nu géètì, aago lọ́wọ́.

"Aago mẹ́rin géérégé lo dé," ló sọ fún Káfíńtà lọ́jọ́ kan. "Ọmọ mi dé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Ibo lo fi í sí láti aago mẹ́rin?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni, sà."

"Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rèé tó ti ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ẹ wá lè ní kí ló dé tí kò lè rọra wà á. Èmi náà bi ara mi. Ó gbìyànjú, ká sọ tòótọ́. Á rọra, á rọra, títí wọ́n á fi dé ilé epo, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bá gbàgbé. Irú èèyàn wo rèé!

Ọjọ́ tó wá tọrọ ọmọ, bàbá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "Ọjọ́ tí mo bá rí ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ jọ dé ẹnu géètì yìí lẹ́ẹ̀kan náà, kí o wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó. Kó tó dìgbà náà, omi ni kí o máa mu níbí kí o máa lọ."

Káfíńtà rò pé Aláago máa gbèjà òun. Kò gbèjà ẹnikẹ́ni. "Bàbá kò parọ́," ló sọ fún un. "Mo fẹ́ràn rẹ, olórí líle. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi gbogbo ayé mi máa wo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ títí tí mi ò fi ní í rí i mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó jẹun. Ọjọ́ kẹta ló sáré wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo ti rí i! Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì! Táyà méjì, ìjókòó méjì. Bí mo bá ti dé, ìwọ náà ti dé nìyẹn!"

Aláago rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbà. Ó ti sú òun náà láti máa dá nìkan wà lójú ọ̀nà yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó wàhálà wọn dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníkẹ̀kẹ́, obìnrin àgbà kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ tó sì ń tún un ṣe. Mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: pupa kan, dúdú kan, àti aláwọ̀ ewé kan tí ọ̀dà ti ń bó lára rẹ̀.

"Ta ló máa wà níwájú?" ni Ìyá bi wọ́n.

"Èmi ni," ni àwọn méjèèjì sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Ẹni iwájú ló ń darí, òun ló ni búrèékì, òun ló ń rí ọ̀nà. Ẹni ẹ̀yìn kò rí nǹkan kan. Torí náà, ẹni iwájú gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́: gegele ń bọ̀, a fẹ́ yà, a fẹ́ dúró. Bí ẹni ẹ̀yìn bá sì ní dúró, kó dúró. Mo ní kí ẹ mú aláwọ̀ ewé yìí. Ẹni kúkúrú lè jókòó níwájú rẹ̀, ẹni gíga lè jókòó lẹ́yìn."

"Ó burẹ́wà, mà," ni Káfíńtà sọ.

"Ṣé o fẹ́ gùn ún ni àbí o fẹ́ fi ṣaya?"

Sátidé mẹ́ta! Sátidé mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dààmú obìnrin yìí. Káfíńtà fi téèpù wọn gbogbo irin tó wà lára kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ń kọ ọ́ sára pákó. Pupa ló fẹ́, torí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, á sáré. Aláago ní eré kọ́ ló gbé àwọn wá. Káfíńtà ní dúdú wúwo. Aláago ní agogo ara dúdú kò dún, ó tú u síbẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, ó ń dún, ó wá ní òun kò fẹ́ dúdú mọ́. Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ gbọ́wọ́ lérí.

"Ẹ gbé pupa yẹn kúrò níwájú mi. Ẹ lọ gùn ún wò lọ́la, kí ẹ dá a padà ní Mọ́ńdè. Ebi ń pa mí."

Ní Sọ́ńdè, Káfíńtà wà níwájú, Aláago wà lẹ́yìn. Kò sọ gegele kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn kan tó ń kàn fún ilé ìwé ló ń ròyìn rẹ̀, ìdè rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ pé kò ní í ṣe é ṣe. Gbogbo gegele, ìdí Aláago ló ń jẹ́rìí rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé oríta, bàtà rẹ̀ kan bọ́.

"Dúró, bàtà mi bọ́!"

Iná pupa ló dá Káfíńtà dúró, kì í ṣe Aláago. Ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó sáré padà lọ mú bàtà. Iná yí padà. Káfíńtà tẹ pẹ́dà, ó lọ.

"Ó dáa báyìí!" ló ń sọ. "Ó ti ń mọ́ ẹ lára! Ṣé o rí bí kẹ̀kẹ́ ṣe fúyẹ́?"

Ó gbóríyìn fún ìjókòó tó ṣófo títí dé ẹnu géètì. Ó lu agogo. "Bàbá, ẹ káàsán sà! Aago mélòó la dé?"

Bàbá wo aago. Ó wo kẹ̀kẹ́. "A kẹ̀? Ìwọ àti ta ni?"

Káfíńtà bojú wẹ̀yìn. Ó fọwọ́ kan ìjókòó ẹ̀yìn.

"Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ," ni bàbá sọ. Kò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gbàgbé rẹ̀ sójú ọ̀nà."

Káfíńtà kò lè gun kẹ̀kẹ́ náà padà. Ojú tì í. Ó ń tì í lọ títí ó fi rí Aláago tó ń bọ̀, bàtà lọ́wọ́, eruku lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ẹ́."

"Mi ò gbọ́."

"Báwo ni wàá ṣe gbọ́? Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀!"

"Mo rò pé o ń wà á dáadáa ni. Kẹ̀kẹ́ náà fúyẹ́."

"Ó fúyẹ́ torí mi ò sí níbẹ̀!" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Dá mi lóhùn. Ṣé èmi lo fẹ́ràn, àbí ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹ lo fẹ́ràn? Torí bó bá jẹ́ ti gbígbọ́, ìjókòó yẹn náà ń gbọ́ ẹ."

Káfíńtà na ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà sí i. "Ìwọ ni mo fẹ́ràn. Mi ò sì mọ bí ẹ̀yìn ṣe rí. Bọ́ síwájú, kí n lọ mọ̀ ọ́n."

Aláago gun iwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan pẹ́dà.

"Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ ti sọ ọ́," ni Káfíńtà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n jọ ti pupa padà sí ìgboro, ẹnìkan lápá ọ̀tún, ẹnìkan lápá òsì.

Ní Mọ́ńdè, Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ ti gbé aláwọ̀ ewé síta kí wọ́n tó dé. Kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ó fi ọ̀rá pa ṣéènì, ó gbé ìjókòó iwájú sílẹ̀, ó gbé ti ẹ̀yìn sókè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Káfíńtà jìyà. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá búrèékì tí kò sí. Ó ń na ọrùn sọ́tùn-ún sósì.

"Gegele ń bọ̀," ni Aláago á wí. "A fẹ́ yà sósì. Jókòó dáadáa, àgbà ọmọ!"

"Yé! Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

"Bó ṣe rí fún mi látọjọ́ yìí nìyẹn."

Sọ́ńdè dé, wọ́n gbéra. Káfíńtà kò rí ọ̀nà, nítorí náà ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wa pẹ́dà, ó ń wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń tàn sí Aláago lẹ́yìn ọrùn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tó ti rí ẹ̀yìn ọrùn yẹn kẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ṣéènì bọ́. Látìgbà náà, iwájú ni òun fúnra rẹ̀ wà.

"Dúró," ló sọ.

Kẹ̀kẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. "Kí ló dé? Bàtà rẹ bọ́?"

"Rárá. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Aláago kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá ń retí wa."

"Dá mi lóhùn ná."

"Tẹ pẹ́dà rẹ. A fẹ́ lọ."

Káfíńtà tẹ pẹ́dà. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi débẹ̀.

Bàbá wà lẹ́nu géètì. Ó kọ́kọ́ wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá." Ó yíjú sí Káfíńtà, ó tún wo aago náà bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. "Ìwọ náà, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá." "Ẹ pẹ́. Kí ló dá yín dúró?"

"Ó bi mí ní nǹkan lójú ọ̀nà, Bàbá."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mi ò tíì dáhùn. Mo fẹ́ ká kọ́kọ́ jọ dé ná." Ó wá yíjú sẹ́yìn, ó wo Káfíńtà tó ti làágùn. "Mo gbà, Ọ̀gá Ẹ̀yìn."

Bàbá bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sápò. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ṣí apá géètì méjèèjì fún wọn, torí pé kẹ̀kẹ́ náà gùn.