Àgádágodo Tí Jọkẹ́ Ń Bèèrè

Ojúlé mẹ́wàá ló wà nínú ilé tí à ń gbé l'Ájégúnlẹ̀, balùwẹ̀ kan ṣoṣo la sì jọ ń lò. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù tí mo fi mú Jọkẹ́, ọmọ mi ọdún mẹ́tàlá, lọ gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan ní GRA Àpápá. Géètì ń bẹ níbẹ̀, mégáàdì ń bẹ níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní yàrá tirẹ̀. Mo ní ọmọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ ń sọ mí. Orí ẹní kan náà la ti jọ ń sùn tẹ́lẹ̀. Mi ò lè na ẹsẹ̀ sí ibi tó máa ń sùn sí.

Bó bá ti pè, ohun kan náà ni yóò sọ.

“Màámi, ẹ bá mi ra àgádágodo kékeré wá.”

Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín ni. Ilé tó ní mégáàdì, kí ló fẹ́ fi àgádágodo ṣe? Á wá bẹ̀ mí pé òun fẹ́ padà wálé. Mo ní àárò ilé ni, yóò mọ́ ọn lára. Òmùgọ̀ ni mí.

Mo ń rò ó fún Preye, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ojúlé kejì sí wa. Kò rẹ́rìn-ín.

“Mama Jọkẹ́, ẹni tó wà níta ni géètì ń dá dúró. Ta ló wà nínú ilé? Ẹni tí ọmọ mọ̀ ló sábà máa ń ṣe é níbi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúgbò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ. Abeg, go carry am today.”

Mi ò dúró de mọ́tò. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láàárín àwọn tírélà. Jọkẹ́ ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń dì í. Mo bi í pé ta ló ń wọ yàrá rẹ̀.

“Àbúrò ọ̀gá ni,” ó ní. “Kì í kànkùn.”

“Mo gbà ọ́ gbọ́. Ẹ̀bi rẹ kọ́.”

Ọjọ́ náà gan-an la lọ sílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìdílé náà wá bẹ̀ mí kí n jẹ́ ká parí rẹ̀ nílé. Mo kọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín, ẹ má wẹ ọmọ náà, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, kí ẹ̀rí má baà parẹ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Bó bá sì ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lọ. Bí ọmọ yín bá ní kí ẹ ra àgádágodo wá, ẹ má bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ bi í pé ta ló ń ṣílẹ̀kùn.