Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́

Títí Akínwándé yóò fi kú, kò ní gbàgbé bí ó ṣe kọ́kọ́ rí Fàsílátù: ẹrẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀, ó ń fi ìka mẹ́rin fa ọnà kọ́lọkọ̀lọ sára ògiri ilé baba rẹ̀ ní Ìlọrà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró, ó tẹjú mọ́ ọn. Kì í ṣe ẹwà rẹ̀ nìkan o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà náà kò kéré. Irú ọnà yẹn gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lára àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́.

Lọ́dún 1974 yẹn, ìjọ Ìlọrà fẹ́ mọ bí ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ tí àwọn baba wọn kọ́ ṣe rí. Ó ti wó tipẹ́. Ìpìlẹ̀ àti àlàpà kan ló kù. Akínwándé, ayàwòrán ilé láti Fìdítì, ni wọ́n ní kó yà á bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní ọnà yìí?"

"Ṣé wọn kì í kí èèyàn níbi tí ẹ ti wá ni?" Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà mi ni, Ìyá Hàwáù."

Ó kí i. Ó padà wá kí i lọ́jọ́ kejì, ó sì ń wá bẹ́ẹ̀ títí àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì fi ń wá a tì. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tí Akínwándé wá dọ̀bálẹ̀ fún Sìrájù, baba Fàsílátù, baba yarí kanlẹ̀.

"Láti ìran dé ìran, kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí nínú ilé yìí. Kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí ọmọ mi!"

Omi lé ròrò sójú Fàsílátù. Àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì tí Akínwándé ká sí abíyá já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Ìyá Hàwáù. Arúgbó náà ṣí i, ó wò ó pẹ́.

"Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ dà?"

"Ìyá, níbo lẹ ti mọ ẹ̀yìn pẹpẹ?" Sìrájù yíjú sí i.

"Èmi ni mo máa ń rẹ́ ògiri ibẹ̀. Rachel ni wọ́n ń pè mí nígbà náà. Ilẹ̀kùn yẹn ni mo yọ́ gbà jáde lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ lé bàbá rẹ. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gba iwájú. Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú."

Hàá! Sìrájù, ẹni tí ewú ti kún orí rẹ̀, kò mọ orúkọ ìyá tó bí i! Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún.

"Fàsílátù, ṣé ìwọ náà máa yọ́ lọ ni?"

"Mi ò fẹ́ yọ́ lọ, Baba. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀."

Baba yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Akínwándé, dìde nílẹ̀. Ya ilẹ̀kùn náà sí i bí ìyá mi bá ṣe sọ. Tó bá di Sátidé, kó àwọn èèyàn rẹ wá. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí wọ́n gbà."